Bàbá Àgbà àti Ìbọn Tí Kì Í Pariwo

Lẹ́yìn àdúrà ogójì ọjọ́ bàbá mi àgbà, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá, ìyá mi àgbà fún mi ní kọ́kọ́rọ́ yàrá iṣẹ́ Bàbá pé kí n lọ palẹ̀ ibẹ̀ mọ́. Mo dúró pẹ́ níwájú ilẹ̀kùn yẹn. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógójì ni mí, mo ti bímọ méjì, mo ní ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ta aṣọ kọ́tìnnì ní Jàǹkárà, síbẹ̀ ẹsẹ̀ mi kọ̀ láti wọlé. Láti kékeré ni wọ́n ti kọ́ wa pé èèyàn kì í dédé wọ yàrá náà. Èèyàn á kan ilẹ̀kùn, á dárúkọ ara rẹ̀, á sì dúró títí Bàbá á fi ní kó máa bọ̀. Mo kan ilẹ̀kùn. Mo ní, "Múlí ni." Ìgbà tí kò sẹ́ni tó dáhùn ni mo tó mọ̀ dájú pé wọ́n ti lọ.

Iṣẹ́ Bàbá ni títọ́jú ìbọn. Ṣọ́jà ni wọ́n nígbà èwe wọn, ṣùgbọ́n àwọn kọ́ ni wọ́n ń yìnbọn. Àwọn ni wọ́n jókòó sí bárékè tí wọ́n ń fọ ìbọn àwọn tó ń yìn ín, tí wọ́n ń fi ọ́ìlì sí i, tí wọ́n ń pààrọ̀ irin tó bá ti jẹ nínú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n fẹ̀yìn tì, wọ́n padà sí agbo ilé wa ní Ìsàlẹ̀ Èkó, wọ́n sì gba ìwé àṣẹ láti máa tún ìbọn ọdẹ ṣe. Àwọn ọdẹ ń ti Ìjẹ̀bú àti Ẹ̀pẹ́ wá bá wọn. Ìbọn ọdẹ nìkan ni ìwé náà wà fún, ọdọọdún ni wọ́n sì ń lọ tún un gbà ní àgọ́ ọlọ́pàá. Mi ò ní sọ ìtàn ayé wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, torí mi ò mọ gbogbo rẹ̀. Àwọn ohun tó ṣì ń bọ̀ wá sí mi lọ́kàn ni mo fẹ́ kọ. Ẹ̀rù ló pọ̀ jù nínú wọn.

Mo lè jẹ́ ọmọ ọdún méje nígbà tí mo sáré gba iwájú tábìlì wọn kọjá. Bọ́ọ̀lù mi ló yí wọ ibẹ̀, mo sì gbàgbé láti kan ilẹ̀kùn. Ìbọn kan wà lórí tábìlì, wọ́n ti tú u sí wẹ́wẹ́, irin gígùn rẹ̀ nìkan ló kọjú sí ibi tí mo gbà. Bàbá ò pariwo. Wọ́n fi aṣọ tó wà lọ́wọ́ wọn sílẹ̀, wọ́n gbé mi jókòó sórí àpótí, mo sì rí i pé ọwọ́ wọn ń gbọ̀n. Ọwọ́ tó ń gbọ̀n yẹn bà mí lẹ́rù ju pàṣán lọ, torí mi ò tíì rí àgbàlagbà tí ara rẹ̀ ń gbọ̀n nítorí mi rí. Wọ́n ní, "Èmi ni mo tú u. Mo mọ̀ pé kò sí nǹkan kan nínú ẹ̀. Síbẹ̀, má gba iwájú ẹ̀ mọ́."

Àwọn ará àdúgbò rò pé ẹni tó ti ṣe ṣọ́jà kò lè bẹ̀rù. Wọn ò mọ Bàbá. Nígbà ọdún, bí àwọn ọmọdé bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í yin báńgà tó ń dún bí ìbọn ní títì, Bàbá á wọlé, wọ́n á gbé ẹ̀yìn ti ògiri, wọ́n á máa fa tẹ̀sùbáà wọn, ojú wọn á sì wà lára fèrèsé. Ní ọdún kan tí mo ti dàgbà díẹ̀, mo bi wọ́n pé ṣé ẹ̀rù ń bà wọ́n ni. Mo rò pé wọ́n máa bínú. Wọ́n na ọwọ́ méjèèjì síwájú mi, wọ́n ní kí n ka ìka wọn. Mo kà á, ó pé. Wọ́n ní, "Ojoojúmọ́ ni mò ń bẹ̀rù ìbọn. Òun ló jẹ́ kí wọ́n ṣì pé."

Ọ̀rọ̀ ọ́ìlì ló máa ń dá ìjà sílẹ̀ jù. Ọdẹ kan wà láti Ìjẹ̀bú, ọkùnrin sísanra kan tó máa ń rẹ́rìn-ín gan-an. Ní ọjọ́ kan ó gbé ìbọn rẹ̀ wá pé kò ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́. Bàbá gbé e sí imú, wọ́n gbóòórùn rẹ̀.

"Òróró ẹ̀pà nìyí."

"Kò sí ọ́ìlì míì nílé lọ́jọ́ náà, Bàbá. Ṣé kì í ṣe kó ṣáà máa yọ̀ ni?"

Bàbá gbé ìbọn náà sẹ́yìn àga wọn, wọ́n ní àwọn ò ní dá a padà àfi tí ọkùnrin náà bá jókòó kọ́ ẹ̀kọ́. Ọdẹ náà bínú, ó ní òun kì í ṣe ọmọ ilé ìwé. Bàbá náà bínú. Wọ́n ṣe é títí tí wọ́n fi pe ìrun Alaásárì, ni ọdẹ náà bá jókòó. Bàbá kán ọ́ìlì ẹyọ kan sórí aṣọ, wọ́n fi nu irin náà, wọ́n tún mú aṣọ gbígbẹ, wọ́n fi nu ọ́ìlì yẹn kúrò, débi pé ojú ò rí nǹkan kan mọ́ àfi kí irin náà máa dán díẹ̀. Wọ́n ní ohun tó ṣẹ́kù yẹn ló tó. Wọ́n ní bí ọ́ìlì bá pọ̀ jù, á kó eruku jọ, eruku á di ẹrẹ̀, ìbọn á há, ẹni tí ìbọn bá sì há mọ́ lọ́wọ́ ló máa ń bẹ̀rẹ̀ wo ẹnu rẹ̀. Ọkùnrin náà ò rẹ́rìn-ín mọ́. Nígbà tó ń lọ, Bàbá fún un ní ìgò ọ́ìlì kékeré kan, wọ́n ní, "Ẹ fi òróró dín ẹja. Ẹ fi èyí sí ìbọn, kí ìyàwó yín lè máa rí yín."

Màmá, ìyá mi àgbà, ní ìjà tiwọn. Bàbá máa ń fi kẹrosíìnì fọ ọwọ́, wọ́n á tún fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, wọ́n á ṣe àlùwàlá, síbẹ̀ òórùn ọ́ìlì ìbọn á wà lára jàlàbíà tí wọ́n fẹ́ wọ̀ lọ sí Jímọ́ọ̀. Màmá á ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún lọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Òórùn ìbọn ni mò ń gbọ́ lórí ìrọ̀rí mi." Bàbá á dáhùn pẹ̀lẹ́ bí ẹni ń kéwú, "Òórùn èyí tó dọ̀tí burú ju báyìí lọ."

Ní ọdún mẹ́rin tó kẹ́yìn ayé wọn, ìjà yẹn parí, torí pé Bàbá ò fọwọ́ kan ìbọn mọ́. Mẹ́ta nínú ìka ọwọ́ ọ̀tún wọn ti wọ́. Èmi tàbí Màmá ló ń bá wọn de bọ́tìnnì, àwa la ń bu oúnjẹ sí wọn lẹ́nu nígbà tí ó bá le. Bí ẹnikẹ́ni bá bi Bàbá léèrè, wọ́n á ní ilẹ̀kùn ló pa ọwọ́ àwọn. Òótọ́ ni. Ilẹ̀kùn ni.

Ọjọ́ Tọ́sìdeè kan ló bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn ìrun Alaásárì. Káṣìmù ló wọlé. Ọmọ agbo ilé kejì ni, ilé kéú kan náà lèmi àti òun jọ lọ, Bàbá sì fẹ́ràn rẹ̀ láti kékeré. Nígbà tó dàgbà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá ọkùnrin olówó kan rìn, ẹni tí òun àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè ní Ọ̀gá. Ó gbé àpò ìrẹsì kan dání, ó gùn, wọ́n fi okùn dì í. Ó kí Bàbá lórí ìdọ̀bálẹ̀, ṣùgbọ́n kò wo ojú wọn.

"Kí lo gbé dání?"

"Ọ̀gá ní kí n gbé e wá fún yín, Bàbá. Ó ń há. Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ lè fọ̀ ọ́ kí ẹ sì fi ọ́ìlì sí i."

Bàbá tú okùn náà. Kì í ṣe ìbọn ọdẹ. Dúdú ni, irú èyí tó jẹ́ pé bí wọ́n bá ti yin ọta kan tán, òun fúnra rẹ̀ ló máa gbé òmíràn wọlé. Irin roboto kan wà tí wọ́n so mọ́ ọn lẹ́nu, ó gùn tó láti ìgbọ̀nwọ́ mi dé ọrùn ọwọ́. Bàbá fi àtàǹpàkò ra ẹ̀gbẹ́ ìbọn náà níbi tó yẹ kí nọ́ńbà rẹ̀ wà. Ẹnì kan ti fi fáìlì tí wọ́n fi ń rẹ́ irin ha nọ́ńbà náà kúrò.

"Ìgbà wo lẹ fẹ́ lò ó?"

"Mọ́ńdè ni."

"Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?"

Káṣìmù ń wo ilẹ̀. "Wọn ò sọ fún mi, Bàbá. Èmi náà ò bèèrè."

Bàbá fi àpò ìrẹsì náà bo ìbọn náà. Wọ́n wá ní, "Máa lọ. Ó máa gbà mí ní ọjọ́ méjì."

Nígbà tó lọ tán, mo bi Bàbá pé kí ni irin roboto yẹn.

"Sàléńsà ni."

"Bíi ti mọ́tò?"

"Bíi ti mọ́tò. Kí wọ́n má baà gbọ́ ọ." Wọ́n ń bá ọ̀rọ̀ lọ, ṣùgbọ́n ohùn wọn ti lọ sílẹ̀. Wọ́n ní ìbọn tí kò ní sàléńsà, iwájú ni èéfín rẹ̀ máa ń gbà jáde. Èyí tó bá ní in, sàléńsà á dá èéfín padà sínú rẹ̀, á di dúdú bí èédú nínú ikùn, ìdí nìyẹn tó fi máa ń yára há, tó sì fi ń fẹ́ ìtọ́jú ju àwọn yòókù lọ. Wọ́n ní, "Wọ́n ti yin èyí dáadáa, Múlí. Kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan."

Ní àárọ̀ Fúráìdeè, ọkùnrin kan tó dé fìlà búlúù jókòó sórí bẹ́ǹṣì níwájú agbo ilé wa, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń ta búrẹ́dì. Mo mọ̀ ọ́n lójú, ẹlẹgbẹ́ Káṣìmù ni. Ó ń jẹ búrẹ́dì, ó ń tẹ fóònù rẹ̀, kò sì kúrò. Bàbá ní kí Màmá lọ lo ọjọ́ díẹ̀ lọ́dọ̀ ọmọ wọn ní Ọbáléńdé. Màmá wo ojú Bàbá, wọ́n sì di ẹrù. Àwọn ọmọ mi wà lọ́dọ̀ bàbá wọn ní Ìkòròdú nígbà náà. Ó wá ku èmi àti Bàbá.

Lẹ́yìn Jímọ́ọ̀, Bàbá ní ọta kan ti há sínú ìbọn náà, wọn ò tíì yìn ín, ó ṣì lè bú nígbàkígbà, àwọn ò sì lè fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní kí n jáde kúrò nínú yàrá, kí n lọ dùbúlẹ̀ sẹ́yìn ògiri sìmẹ́ǹtì tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo dojú bolẹ̀ níbẹ̀. Sìmẹ́ǹtì náà tutù, mo ń gbọ́ bí irin ṣe ń kan irin, díẹ̀díẹ̀, á tún dákẹ́. Mo ń ka Ayatul Kurisiyyu, mo gbàgbé àárín rẹ̀, mo tún bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni nǹkan kékeré kan já bọ́ sílẹ̀. Bàbá pè mí. Ọta náà wà ní àtẹ́lẹwọ́ wọn, ó kéré sí bí mo ṣe rò. Jàlàbíà wọn ti lẹ̀ mọ́ wọn lẹ́yìn, òógùn ti gbé e. Wọ́n ní, "Ó ti jáde. Bu omi fún mi."

Mo rò pé ó ti tán. Àmọ́ wọ́n tún jókòó, wọ́n tú ìbọn náà sí wẹ́wẹ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fọ̀ ọ́. Aṣọ tí wọ́n bá tì bọ inú irin rẹ̀ á jáde ní dúdú, wọ́n á mú òmíràn, òun náà á dúdú. Aṣọ funfun tí wọ́n gé sílẹ̀ fún oṣù kan tán lọ́jọ́ náà. Ìgbà tó yá ni ọ̀kan jáde ní funfun bó ṣe wọlé. Wọ́n kán ọ́ìlì, wọ́n nù ún, wọ́n tún fi gbígbẹ nù ún, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ́ ọdẹ Ìjẹ̀bú.

"Bàbá, kí ló dé tí ẹ ń fọ irú èyí?"

Wọ́n wo ọwọ́ wọn bí ẹni pé ti ẹlòmíràn ni. "Èmi náà ò mọ̀. Mi ò tíì fi ìbọn sílẹ̀ ní dídọ̀tí rí."

Wọ́n wá ní lọ́la àwọn máa gbé e lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá.

Mo fẹ́ kọ ohun tí mo sọ lẹ́yìn ìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú ń tì mí. Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ ti fọ̀ ọ́ tán. Ẹ jẹ́ ká dá a padà fún wọn. Kì í ṣe àwa la máa yìn ín. Ọkùnrin yẹn ṣì jókòó síta, wọ́n mọ ilé wa, wọ́n mọ ṣọ́ọ̀bù mi. Mo lọ́mọ, Bàbá." Mo sunkún. Mo bẹ̀ wọ́n bí mi ò ṣe bẹ ẹnikẹ́ni rí.

Wọn ò bá mi wí. Wọ́n ní, "Ta lo rò pé wọ́n fẹ́ lò ó fún ní Mọ́ńdè?"

"Mi ò mọ̀."

"Èmi náà ò mọ̀. Ó lè jẹ́ ẹni tó kí ẹ láàárọ̀ yìí."

Bí a ṣe máa gba iwájú fìlà búlúù kọjá, èmi ni mo mú ìmọ̀ràn rẹ̀ wá, bóyá nítorí ìtìjú. Gbogbo Sátidé ni mo máa ń gbé rọ́ọ̀lù aṣọ kọ́tìnnì láti ilé lọ sí ṣọ́ọ̀bù. A tú ìbọn náà sí méjì, a yọ sàléńsà rẹ̀, a ká gbogbo rẹ̀ sínú rọ́ọ̀lù aṣọ pupa kan, a fi okùn dì í nígbà mẹ́ta. Ọta yẹn wà nínú àpò Bàbá. Wọ́n gbé rọ́ọ̀lù náà lé mi lórí. Ó wúwo ju aṣọ lọ, ọrùn mi sì mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀.

Ọkùnrin fìlà búlúù dìde nígbà tó rí wa.

"Múlí, ẹrù yẹn wúwo o. Jẹ́ kí n bá ẹ gbé e dé títì."

Mo di rọ́ọ̀lù náà mú. Bàbá wà lẹ́yìn mi, tẹ̀sùbáà wọn lọ́wọ́. Wọ́n ní, "Fi sílẹ̀ fún un. Ó ti bá orí ẹ̀ mu. Tó o bá sọ̀ ọ́ báyìí, kò ní lè rù ú mọ́."

Ó tún jókòó. "Ṣé ẹ ti ṣe iṣẹ́ tiwa, Bàbá?"

"Mo ti fọ̀ ọ́. Ó mọ́."

"Ọ̀gá á dúpẹ́ lọ́wọ́ yín."

A rìn. Mi ò lè bojú wẹ̀yìn nítorí ẹrù orí mi, mo sì ń retí pé ẹnì kan á pe orúkọ mi. Ìdúmàgbò ti kún bámú. Àwọn èèyàn ń forí gbá ara wọn, àwọn tó ń pàtẹ sí ẹ̀bá títì ń pe oníbàárà, ẹnì kan fà mí lápá pé kí n wá ra bàtà. Ọkùnrin kan tó ń ti ọmọlańkẹ́ bọ̀ pariwo pé ká yà, kí n tó yà, ọmọlańkẹ́ náà gbá ìdí rọ́ọ̀lù náà. Irin kan irin nínú aṣọ. Ó dún gbangba létí mi bí ẹni pé gbogbo ọjà ló dákẹ́. Obìnrin oníbàtà gbójú sókè wò mí.

"Irin kọ́tìnnì ni," mo ní. Mi ò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá.

"Èló lẹ ń tà á?"

"Mo máa bọ̀," ni mo sọ, mo sì ń lọ.

Ní àgọ́ ọlọ́pàá, ọlọ́pàá tó máa ń bá Bàbá tún ìwé àṣẹ wọn ṣe ló gbà wá. Nígbà tó tú rọ́ọ̀lù náà, ó lọ ti ilẹ̀kùn. Bàbá kọ orúkọ ara wọn sílẹ̀. Ọlọ́pàá náà bèèrè ẹni tó gbé e wá. Bàbá ní àwọn máa mú un wá fúnra àwọn ní ọ̀la, kó fún àwọn ní ọjọ́ kan. Wọ́n jọ sọ̀rọ̀ pẹ́ kó tó gbà. Èmi jókòó sórí bẹ́ǹṣì, mi ò lè yí ọrùn sọ́tùn-ún tàbí sósì. Bí a ṣe ń jáde, Bàbá ní, "Mo ti gbé ìbọn fún ọ̀pọ̀ ọkùnrin láyé mi. Kò sí èyí tó gbé e bó o ṣe gbé e yìí." Wọn ò yìn mí tó bẹ́ẹ̀ rí, inú mi ò sì dùn rárá. Ilé tí a ń padà sí ni mò ń rò.

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, Bàbá ránṣẹ́ pe Káṣìmù, wọ́n sọ fún un pé ìbọn náà ti wà lọ́wọ́ ọlọ́pàá. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbi tó dúró sí.

"Bàbá, ẹ ti pa mí. Àwọn èèyàn yìí máa pa mí."

"Bóyá. Tó o bá sá, wọ́n máa wá ẹ. Tó o bá bá mi lọ lọ́la, àwọn ọlọ́pàá máa tì ẹ́ mọ́lé, wàá sì wà láàyè."

"Ẹ̀rù ń bà mí."

"Mo mọ̀," ni Bàbá sọ. "Sun ibí. A jọ máa kírun Àsùbáà, a jọ máa lọ."

Ó sun ilé wa. Ní àárọ̀ Sọ́ńdè, kí fìlà búlúù tó dé ìdí bẹ́ǹṣì rẹ̀, wọ́n ti lọ, Bàbá nìkan ló sì padà wá.

Ọ̀sán Mọ́ńdè ni ọkùnrin mẹ́ta wọ ilé wa. Fìlà búlúù wà nínú wọn. Kò sí èyí tó pariwo nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọ̀kan dúró tì mí, ó gbé ọwọ́ lé mi léjìká bíi mọ̀lẹ́bí. Fìlà búlúù bi Bàbá pé, "Ibo ló wà?"

"Mo ti gbé e fún ìjọba."

"Káṣìmù ńkọ́?"

"Òun náà wà níbẹ̀."

Wọ́n mú ọwọ́ ọ̀tún Bàbá, wọ́n gbé ìka wọn sí ẹnu ilẹ̀kùn yàrá iṣẹ́, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn náà pa. Ìdè ilẹ̀kùn yẹn ò dún rárá, torí pé Bàbá máa ń fi ọ́ìlì sí i. Igbe Bàbá nìkan ni mo gbọ́, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Àwọn ọkùnrin náà jáde, wọ́n tún kí àwọn ará ilé tó wà ní àgbàlá. Nígbà tí mo ń fi gèlè mi di ọwọ́ náà, ojú Bàbá ti funfun, wọ́n ní, "Lọ wo títì. Wò ó bóyá wọ́n ti lọ kó o tó sunkún."

Ọlọ́pàá mú méjì nínú àwọn mẹ́ta náà láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, torí ohun tí Káṣìmù sọ. Ọ̀gá wọn ti kúrò ní Èkó, a ò gbúròó rẹ̀ mọ́. Fún bí ọdún kan, mi ò lè jókòó sí ṣọ́ọ̀bù kí n kẹ̀yìn sí títì. Ẹni tó bá dúró wo aṣọ ju bó ṣe yẹ lọ, mo máa ń dìde dúró títí á fi lọ. Bàbá ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ìka méjì di ṣíbí mú.

Káṣìmù lo ọdún méjì lẹ́wọ̀n. Nígbà tó jáde, ó wá sílé wa, ó ti rù, ó dúró sí ẹnu ọ̀nà, kò lè wọlé. Ó rí ọwọ́ Bàbá. Ó ní, "Mo ń bẹ̀rù àtirí yín, Bàbá." Bàbá sún lórí àga wọn láti fún un láyè. Wọ́n ní, "Èmi náà bẹ̀rù àtirí ẹ. Jókòó." Fíríìjì ló ń tún ṣe báyìí, òun sì wà lára àwọn tó gbé òkú Bàbá lọ sí ibojì.

A ò mọ ẹni tí wọ́n fẹ́ lo ìbọn yẹn fún títí dòní. Káṣìmù ò mọ̀, àwọn méjì tí wọ́n mú kọ̀, wọn ò sọ. Nígbà mìíràn tí mo bá ń gba Ìdúmàgbò kọjá tí ẹnì kan sì kí mi, mo máa ń wo ojú rẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ.

Ní oṣù tó kẹ́yìn, Bàbá ò dìde lórí ibùsùn mọ́. Mò ń bu ẹ̀kọ sí wọn lẹ́nu ní àárọ̀ ọjọ́ kan nígbà tí mo sọ ọ̀rọ̀ tí mo ti gbé dání fún ọdún mẹ́rin. Mo ní kí wọ́n dárí jì mí fún bí mo ṣe bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n dá ìbọn yẹn padà. Mo ní mo mọ̀ pé wọn ò bẹ̀rù bíi tèmi.

Wọ́n mi orí pé kí n gbé ṣíbí sílẹ̀.

Wọ́n ní ṣáájú kí n tó bí àkọ́bí mi, ọkùnrin kan ti gbé irú ìbọn bẹ́ẹ̀ wá rí, ó ní sàléńsà lẹ́nu. Aṣọ rẹ̀ dára, ó sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, Bàbá ò sì bi í ní nǹkan kan. Wọ́n fọ̀ ọ́, wọ́n fi ọ́ìlì sí i, wọ́n dá a padà. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́sàn-án, Bàbá gbọ́ pé wọ́n pa ọkùnrin kan sínú mọ́tò rẹ̀ ní Ọbáléńdé ní ọ̀sán gangan. Àwọn tó ń ta oúnjẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ò gbọ́ nǹkan kan. Wọ́n rò pé ó ń sùn ni.

"Ṣé ìbọn yẹn ni, Bàbá?"

"Mi ò mọ̀. Mi ò lọ bèèrè."

Mo gbé àwo ẹ̀kọ sílẹ̀. Ẹ̀kọ náà ti ń tutù.

"O ní mi ò bẹ̀rù," ni Bàbá sọ. "Láti ọjọ́ tí mo ti dá tàkọ́kọ́ yẹn padà ni oorun ti dá lójú mi, tí mo sì ń ka ọjọ́, mi ò mọ ohun tí mò ń kà dè. Nígbà tí Káṣìmù gbé èyí wá, tó ní Mọ́ńdè, mo rò pé mo tún máa kà. Ìyẹn ló bà mí lẹ́rù ju àwọn èèyàn yẹn lọ. Ìka mẹ́ta ni wọ́n gbà, Múlí. Láti Mọ́ńdè yẹn, mò ń sùn."